Wọ́n ní kí n pa èéfín rẹ́ nínú àwòrán mi

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ló pè mí lánàá, ó ní àwòrán Africatown, àdúgbò kan nílùú Mobile ní Alabama, Amẹ́ríkà níbí, tí mo gbé kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dáa o, àmọ́ kí n wá fi ọ̀dà pa ṣímínì àti èéfín yẹn rẹ́, pé ó ń ba àwọn èèyàn nínú jẹ́. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, bí mo bá ya Ewékoro tí páànù ilé ń dán gbinrin, tí eruku sìmẹ́ǹtì ò sí lórí ẹ̀, ṣé ẹ ò ní bi mí pé Ewékoro wo nìyẹn? Mobile níbí, ooru ẹ̀ ooru Èkó ni, ẹ̀fọn ẹ̀ náà ò yàtọ̀, ògì gidi nìkan ló kù ká rí.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ Africatown kì í ṣe àwàdà. 1860 ni ọkọ̀ Clotilda kó èèyàn bí 110 wá síbí láti Ouidah ní Benin òní, bẹ́ẹ̀ òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ láti 1808. Kossola tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis wà nínú wọn, ọmọ Yorùbá láti apá Bantè ní Benin kan náà, ọmọ wa ni. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira, Timothy Meaher tó rán ọkọ̀ yẹn ò fún wọn nílẹ̀, wọ́n dáwó jọ, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n dá ìlú tiwọn sílẹ̀. Ká ní ó parí síbẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ pépà tún dé, ọ̀kan lórí ilẹ̀ ìdílé Meaher gan-an, ó wà níbẹ̀ títí di 2000, òórùn ẹ̀ lọ́tọ̀, eérú ẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì ti pẹ́ táwọn ará ibẹ̀ ti ń pariwo pé jẹjẹrẹ ń pa àwọn èèyàn àwọn.

Ìgbà tí mò ń ya ilé kan níbẹ̀, màmá àgbà kan jáde, mo kí wọn, wọ́n wo aṣọ tí mo yà sórí okùn, wọ́n ní kí n má fi í sílẹ̀ ní funfun bẹ́ẹ̀. Pé nígbà táwọn wà lọ́mọdé, kí wọ́n tó sáré kó aṣọ wọlé, eérú á ti bà lé e, ti orí mọ́tò á sì máa jẹ ọ̀dà ẹ̀. Mo bá po dúdú díẹ̀ mọ́ funfun, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ta á wínníwínní sára aṣọ yẹn, wọ́n dúró tì mí, "ó kù, ó kù", títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ẹni tí ò gbé ibẹ̀ rí ló wá ní kí n pa á rẹ́. Mi ò pa nǹkan kan rẹ́. Mo ti sọ fún un pé màá gbé àwòrán mi lọ, Sátidé tó ń bọ̀ ni màá gbé e fún màmá yẹn, tí wọ́n bá gbà á. Ibi ìsìnkú àtijọ́ tó wà ní Plateau, ní Africatown níbẹ̀, ló kàn tí mo fẹ́ yà, ẹni tó bá wà ní Mobile tàbí Pensacola tó ń ya nǹkan, ẹ jẹ́ ká jọ lọ.