Mo gbé káàdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ní Paris

Kí n tó wo àwòrán kankan ní Musée d'Orsay, ìsọ̀ pósíkáàdì wọn ni mo kọ́kọ́ yà sí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo fẹ́ gbé ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kí n lè wò wọ́n dáadáa. Ibùdókọ̀ ojú irin ni ilé náà tẹ́lẹ̀, láti 1900. Ọdún 1986 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ilé àwòrán, aago ńlá ayé ọjọ́un ṣì wà lára ògiri.

La Pie ti Claude Monet, ayàwòrán ará Faransé, ni mo kọ́kọ́ gbé káàdì tì. Itòsí Étretat ní Normandy ló ti yà á, láàárín 1868 sí 1869: yìnyín bolẹ̀, ẹyẹ dúdú kan bà lé géètì onígi. Lórí káàdì, yìnyín náà funfun, ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sún mọ́ àwòrán gan-an, mo wá funfun tì! Òjìji ọgbà jẹ́ búlúù, ó tún ń fà sí elésè àlùkò. Ibi tí oòrùn bà pọ́n rúsúrúsú. Ọ̀dà náà ki débi pé ojú ipa búrọ́ọ̀ṣì hàn ketekete. Ibo ni káàdì ti fẹ́ rí ìyẹn ṣe? Íńkì oríṣi mẹ́rin ni wọ́n sábà fi ń tẹ̀ ẹ́, funfun ò sì sí níbẹ̀. Ibi tó bá yẹ kó funfun, bébà lásán ni. Àwọn adájọ́ Salon, àfihàn àwòrán ńlá ti Paris nígbà náà, kọ àwòrán yìí ní 1869, ẹ wá wo bí èrò ṣe ń tì mí kúrò níwájú rẹ̀.

Káàdì Coquelicots (1873), àwòrán Monet tó ní òdòdó pupa nínú pápá, ò burú ní tiẹ̀. Àwòrán náà fúnra rẹ̀ ò tóbi, sẹ̀ǹtímítà 50 sí 65, àwọn òdòdó pupa yẹn sì rí bí wọ́n ṣe rí.

Ti Orangerie, ilé àwòrán mìíràn ní Paris, ló bí mi nínú. Àwòrán òṣíbàtà 8 tí Monet yà ló wà níbẹ̀, gíga wọn tó mítà 2, wọ́n yí yàrá méjì po. Wọ́n wá gé igun kékeré kan, wọ́n fi ṣe káàdì. Mi ò rà á.

Ní Musée Marmottan Monet ni mo ti ra káàdì Impression, soleil levant, àwòrán Monet tó fi oòrùn òwúrọ̀ hàn ní èbúté Le Havre ní 1872. Àkọlé rẹ̀ ni akọ̀ròyìn Louis Leroy fi ṣe yẹ̀yẹ́ Monet àti àwọn ayàwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ní 1874, tí orúkọ Impressionist fi mọ́ wọn lórí. Mo ya káàdì náà ní fọ́tò, mo yọ àwọ̀ rẹ̀ kúrò lórí fóònù. Háà! Oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá pátápátá. Kò mọ́lẹ̀ ju ojú ọ̀run tó yí i ká lọ, àwọ̀ nìkan ló fi yàtọ̀.

Mo fi káàdì ọ̀hún ránṣẹ́ sí àǹtí mi n'Íbàdàn, mo ní kí wọ́n dán an wò. Èsì wọn ni pé, "Ṣé o ò wá rí èyí tí oòrùn rẹ̀ máa dúró rà ni?"