Lẹ́tà Ìgbàwọlé àti Físà Tó Ṣáájú Rẹ̀

Lónìí ni mo tún jókòó ti ìwádìí tí Douglas Massey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2007, lórí àwọn adúláwọ̀ tó wọ àwọn yunifásítì ńláńlá ní Amẹ́ríkà ní 1999. Nínú ilé-ẹ̀kọ́ 28 tí wọ́n yẹ̀ wò, àwọn tó ṣí wá láti òkèèrè tàbí tí òbí wọn ṣí wá jẹ́ ìdá 27 nínú 100 àwọn adúláwọ̀ ibẹ̀. Ní Ivy League, ìyẹn àwọn yunifásítì àtijọ́ mẹ́jọ tó lókìkí bíi Harvard, wọ́n tó 41, bẹ́ẹ̀ sì rèé, láàárín gbogbo adúláwọ̀ ẹgbẹ́ wọn ní orílẹ̀-èdè náà, nǹkan bí 13 péré ni wọ́n.

Iye yìí tètè máa ń di ìyangàn lẹ́nu wa. Níbi ìkómọjáde kan ní Houston lọ́jọ́ Sátidé, bàbá kan ń fi lẹ́tà ìgbàwọlé ọmọ rẹ̀ hàn wá lórí fóònù, ó ní àwa kì í fi ìwé ṣeré bí àwọn akátá. Inú mi dùn sí ọmọ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé ọkàn, nítorí pé bàbá náà ti gboyè nínú ìmọ̀ ìpoògùn ní Ifẹ̀ kó tó gba físà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwádìí yẹn wí: ìdá 70 nínú 100 àwọn bàbá tó ṣí wá ló ní oyè yunifásítì, nígbà tí ti àwọn bàbá adúláwọ̀ onílẹ̀ jẹ́ 55. Físà ti ṣa ẹni tó máa ṣà kí wọ́n tó bí ọmọ. Àwọn tí kò rówó kàwé ṣì wà ní Mushin, a kì í sì í kà wọ́n mọ́ra nígbà tí a bá ń fi ara wa wé ẹlòmíràn.

Ohun tó tún wúwo jù lọ́kàn mi ni pé àwọn ọmọ ẹrú ilẹ̀ náà ló jà títí òfin fi ka ìyàsọ́tọ̀ adúláwọ̀ léèwọ̀ ní 1964, tí òfin ìwọ̀lú 1965, tó ṣílẹ̀kùn fún irú àwa yìí, sì tẹ̀ lé e. Ní 2004, Lani Guinier àti Henry Louis Gates, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n adúláwọ̀ ní Harvard, ta ilé-ẹ̀kọ́ náà jí pé bóyá ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ rẹ̀ ni òbí àgbà wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú yẹn. Lójú tèmi, ó yẹ kí gbogbo yunifásítì máa ka irú iye bẹ́ẹ̀ sójú táyé, bí àwọn kan nínú wa tilẹ̀ máa rò pé ọmọ wa ni wọ́n fẹ́ lé.

Láti ìgbà tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti fòfin de kíka ẹ̀yà ẹni kún ìgbàwọlé ní June 29, 2023, ọ̀rọ̀ yìí ti di kánjúkánjú. Ní MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó lókìkí, ìdá àwọn adúláwọ̀ nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ tuntun já láti nǹkan bí 13 sí 5 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sì sí ìkankan nínú iye tí wọ́n gbé jáde tó sọ ọmọ ta ni kò wọlé mọ́.