Kí Ọwọ́ Yín Tó Mọ́ Ejò Lára: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Ejò kì í ṣe ajá. Kò ní sáré pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà, àárò yín kò sì ní sọ ọ́ bí ẹ bá pẹ́ níta. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé kí ọwọ́ yín mọ́ ọn lára, kó yé e pé ọwọ́ náà kì í ṣe ewu, kì í sì í ṣe oúnjẹ. Òjòlá kékeré tí wọ́n ń pè ní ball python ni mo ń sìn, òun ló sì kọ́ mi pé ejò fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìgbà tó ṣe tán kí a gbé e. Iṣẹ́ tiwa ni kí a mọ bó ṣe ń sọ ọ́.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e délé, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ 5 sí 7, ó kéré tán. Omi ni kí ẹ máa pààrọ̀. Mi ò fọwọ́ kan tèmi títí ó fi jẹun, tó sì tún jẹun. Ejò kò lè mú ara rẹ̀ gbóná fúnra rẹ̀, torí náà apá kan àpótí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 31 sí 33°C, kí apá kejì tutù díẹ̀, kí ibi ìfarapamọ́ sì wà ní apá méjèèjì. Ẹ fi thermostat, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ooru kọjá ìwọ̀n, sí ohun tó ń gbé ooru jáde, torí ejò lè jóná lórí ohun gbígbóná kó má tètè kúrò níbẹ̀. Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, ṣùgbọ́n nínú àpótí, ìrìnpọ̀ gan-an ni ìyà wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa gbé.

Bó bá kan gbígbé e, ẹ má na ọwọ́ sí i láti òkè. Òkè ni àṣá àti àwọn mìíràn tó ń pa ejò jẹ ti ń já lé e, nítorí náà ohun tó bá ṣíji bo orí rẹ̀ lójijì, ikú ló jọ lójú rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ wá, kí ẹ rọra ti ọwọ́ kan bọ abẹ́ àárín ara rẹ̀, kí ọwọ́ kejì gbé ìhà ìdí. Ẹ má dì í lọ́rùn, ẹ má fà á nírù. Ẹ jẹ́ kó máa rìn láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì. Ìṣẹ́jú 5 ti tó níbẹ̀rẹ̀. Bó bá ti ń fara balẹ̀, ẹ lè sún un dé 15 tàbí 20. Ẹ dá a padà nígbà tí ara rẹ̀ ṣì balẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tó bá ń jà.

Kí n tó gbé e rárá, mo máa ń fi ìkọ́ irin gígùn kan rọra tọ́ ọ lára. Ejò kò ní etí níta, orúkọ tí ẹ bá fi pè é kò ní ìtumọ̀ sí i. Ahọ́n ló fi ń kó òórùn lọ sí àjà ẹnu rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń mọ ohun tó wà nítòsí. Òjòlá tún ní ihò wẹ́wẹ́ létè tó fi ń mọ ooru. Ọwọ́ yín gbóná. Bó bá tún ń rùn bí eku, kí lẹ fẹ́ kó rò? Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó gbé e. Ìkọ́ yẹn ni àmì àárín èmi àti òun pé kì í ṣe àkókò oúnjẹ.

Èyí tó kàn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù. Bí ahọ́n bá ń yọ wọlé jáde, tí ara ń rìn pẹ̀lẹ́, ó ń wo àyíká rẹ̀ ni, ẹ lè gbé e. Bó bá ká ara rẹ̀ jọ rúgúdú, tó fi orí pamọ́ sáàárín, ẹ̀rù ló ń bà á. Ọrùn tó fà sẹ́yìn, tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí ojú sì tẹ̀ mọ́ yín, ó ti fẹ́ bù yín ṣán nìyẹn. Ẹ kúrò níbẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ṣú, tí ara rẹ̀ kò dán mọ́, ó fẹ́ bọ́ awọ, kò sì ríran dáadáa. Ẹ fi sílẹ̀ títí awọ á fi bọ́ tán.

Àwọn kan gbà pé kí a máa gbé ejò tó ń jà lójoojúmọ́ títí á fi rẹ̀ ẹ́. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ejò tó dákẹ́ torí pé ó rẹ̀ ẹ́ ṣì ń bẹ̀rù, ó sì lè má jẹun mọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ má gbé e fún wákàtí 48, kí ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ bí oúnjẹ náà bá tóbi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè bì í. Eku tó ti kú, tí wọ́n fi pamọ́ sínú yìnyín, ni mo ń lò. Mo máa ń fi omi gbígbóná yọ́ ọ, mo sì máa ń fi ẹ̀mú gígùn nà án sí i. Eku ààyè lè bu ejò jẹ, ọgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń burú.

Bó bá di ọwọ́ yín mú, ẹ má fà á. Eyín rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn: fífà ló ń ya ẹran, eyín sì lè kán sínú rẹ̀. Ẹ da omi tútù sí i lẹ́nu, yóò tú u sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀.

Ejò tí ara rẹ̀ le lè gbé kòkòrò àrùn Salmonella tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, nítorí náà ẹ tún fọ ọwọ́ lẹ́yìn gbígbé e, ẹ má sì fọ ohun èlò rẹ̀ níbi tí ẹ ti ń fọ abọ́. Mi ò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 fọwọ́ kàn án. Ẹ má gbé e kọ́rùn. Èyí tó bá gùn ju mítà 2 ààbọ̀ lọ, ẹnì kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ dá gbé e. Ejò olóró kì í ṣe ohun ọ̀sìn inú ilé.

Ẹ béèrè ohun tí òfin ibi tí ẹ ń gbé sọ, kí ẹ sì ra èyí tí wọ́n bí sọ́wọ́ ẹni tó ń sin ejò, torí èyí tí wọ́n mú nínú igbó sábà máa ń ní kòkòrò lára, jíjẹun sì máa ń ṣòro fún un. Ball python lè gbé ọdún 20 sí 30 lọ́dọ̀ yín. Ní 2020, ọ̀kan tí wọ́n gbé wá sí ọgbà ẹranko Saint Louis ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1961 yé ẹyin. Wọ́n ní yóò ti tó nǹkan bí ẹni ọdún 62. Ẹni tó ń bá mi tọ́jú tèmi nígbà tí mo bá rìnrìn àjò ti kọ́ gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, ó sì ti gbé e lójú mi kí n tó fi kọ́kọ́rọ́ àpótí lé e lọ́wọ́.