Ata lẹ́yìnkùlé Ọ̀mù-Àrán, ata àti igbó nínú yàrá ní Edmonton

Tí oṣù kẹta bá ti ń wọlé, yàrá kan wà nínú ilé wa ní Edmonton, ní Kánádà, tí iná ẹ̀ kì í kú títí ilẹ̀ á fi ṣú pátápátá, ẹni tó bá ń kọjá níta lè máa rò pé a ń ṣe nǹkan abẹ́lẹ̀ kan níbẹ̀. Ata ni o. Ata rodo, tàtàṣé, ṣọ̀ǹbọ̀, àti ewédú díẹ̀. Yìnyín ṣì wà nílẹ̀ níta nígbà yẹn, ó sì tún lè já ní oṣù kẹrin, àwọn àgbà tó ń dá ọgbà níbí máa ń kìlọ̀ pé kéèyàn má gbé ata síta ṣáájú ọlidé Victoria Day, ìyẹn Mọ́ńdè tó ṣáájú ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún, bẹ́ẹ̀ tó bá fi máa di oṣù kẹsàn-án òtútù ti tún ń yọjú. Tó o bá dúró dìgbà tílẹ̀ bá móoru kó o tó ju kóró ata sílẹ̀, ewé lásán lo máa rí. Ìdí nìyẹn tá a fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nínú ilé, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ṣáájú.

Nílé ńkọ́? Ta ló tiẹ̀ ń jókòó gbin ata ní Ọ̀mù-Àrán? Màámi á la tàtàṣé tó ti fẹ́ bà jẹ́, á gbọn kóró inú ẹ̀ sẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, ó tán. Tí òjò bá ti rọ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀, ata ti gba gbogbo ibẹ̀, wọ́n á wá hú èyí tó dáa lára wọn lọ sórí ebè. Kó hù kọ́ ni wàhálà tiwa, kó má kú lẹ́yìn tó bá hù ni. Adìẹ á wá tú u, ewúrẹ́ ará ilé kejì á wá jẹ ẹ́ (olówó ẹ̀ á ní kì í ṣe ewúrẹ́ òun), oòrùn ọ̀sán á sì fẹ́ jó ìyókù. Imọ̀ ọ̀pẹ la fi ń bò ó.

Ní Edmonton, oòrùn gan-an la ń rà. Ní oṣù kejìlá, ojúmọ́ ibí lè dín kù sí nǹkan bíi wákàtí méje ààbọ̀, ní oṣù kẹfà ó tún lè lé ní wákàtí 16, nígbà tó jẹ́ pé ní gbogbo Kwara kò sí ìgbà tójúmọ́ jìnnà sí wákàtí 12. Ata tó o gbé sójú fèrèsé lásán á kàn máa ga lọ tẹ́ẹ́rẹ́, á máa wá ìmọ́lẹ̀ kiri, nígbà tó bá yá á ṣubú. Èèyàn á ra iná LED, á gbé e sún mọ́ orí ewé dáadáa, á fi táímà sí i kó máa tàn fún wákàtí 14 sí 16. Á tún ra ẹní kékeré oníná tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ tíréè, torí ata fẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ móoru bíi dígírì 25 sí 30, ata rodo ló le jù nínú wọn, ó lè lo tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó yọjú, o ò ní mọ̀ bóyá ó ti jẹrà ni àbí ó ṣì ń bọ̀. Iyẹ̀pẹ̀ gan-an, inú àpò la ti ń rà á. Ìgbà tí mo sọ ìyẹn fún Màámi lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá ní, “Iyẹ̀pẹ̀? Ẹ fowó rà á?”

Ohun kan tún wà tí wọn ò mọ̀ nílé torí atẹ́gùn ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún wọn. Tó o bá bomi jù nínú yàrá tí atẹ́gùn ò wọ̀, ìsàlẹ̀ ọmọ ata á rà ní ibi tó ti kan iyẹ̀pẹ̀, lóru ọjọ́ kan ṣoṣo gbogbo tíréè lè dùbúlẹ̀. Olú tí ojú ò rí ló ń ṣe é. Fáànù kékeré ló ń gbà wá, kí ojú iyẹ̀pẹ̀ sì máa gbẹ díẹ̀ kéèyàn tó tún bomi sí i.

Ewédú nìkan ni ò mọ̀ pé a ti kúrò nílé. Èèpo kóró ẹ̀ le, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ọ̀mù-Àrán la ṣe ń ṣe é níbí: dì í sínú aṣọ, rì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, yọ ọ́ kíá, sá a kó gbẹ, gbìn ín.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti bàbá òyìnbó tó múlé tì wá. Igbó tí wọ́n ń mu ni tiẹ̀. Ẹ má pariwo, òfin gbà á láyè: láti ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni Kánádà ti fàyè gba igbó fún àgbàlagbà, ilé kan sì lè gbin ìdí mẹ́rin ní Alberta, ìpínlẹ̀ tí Edmonton wà, wọn ò gbà á ní ìpínlẹ̀ Quebec. Ṣọ́ọ̀bù tó gba láísẹ́ńsì ló ti ń ra kóró ẹ̀. Á fi kóró náà sáàárín bébà ìnuwọ́ tó tutù, kò ní ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí gbòǹgbò funfun á ti yọ, á wá gbé e sínú iyẹ̀pẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka gígé ló fẹ́ràn jù, torí akọ àti abo ló wà nínú igbó, abo ló ń so èyí tí wọ́n ń wá, ẹ̀ka tó o bá sì gé lára abo, abo náà ni. Á gé e ní dídà lábẹ́ ojú kan, á tì í bọ pàúdà tó ń mú gbòǹgbò yọ, á fi ike bò ó kí ọ̀rinrin má lọ, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ó ti ta gbòǹgbò. Mo ní, “Bàbá, ẹ̀gẹ́ nìyí jàre.” Àwa náà kì í gbin kóró ẹ̀gẹ́, igi ẹ̀ la ń gé, a ó rí i pé ojú tó bíi márùn-ún wà lára ẹ̀, a ó tì í bọ ebè ní dídà, kò sí pàúdà, kò sí ike, a ó sì máa bá tiwa lọ.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti iná ẹ̀. Wákàtí 18 ló ń fún un nígbà tó bá fẹ́ kó dàgbà, tó bá wá fẹ́ kó tanná, á dín in kù sí 12. Wákàtí 12! Kiní tí Ọlọ́run ń fún gbogbo Ìgbómìnà lọ́fẹ̀ẹ́ láràárọ̀ ni bàbá ń fi táímà ṣe.

Mo ya fídíò yàrá tí bàbá ń gbin igbó ẹ̀ sí, ó gbà kí n yà á, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Tánkẹ̀ ní Ìlọrin. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè mí. “Pa á rẹ́ kíá! Ṣé o fẹ́ kí NDLEA wá bá mi nílé ni?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀, kì í ṣe tèmi, ìjọba ibí gbà á.” Wọ́n ní ìjọba ibí kọ́ ló máa wá gba béèlì òun. Òótọ́ sì ni wọ́n sọ, ẹ̀wọ̀n ni lọ́dọ̀ wa, kò sí ti ìdí kan tàbí mẹ́rin.

Bẹ́ẹ̀ ẹ wo òdìkejì ẹ̀. Kóró ata rodo láti ọjà Ìpàtà, dandan ni kó o sọ fún wọn ní bọ́dà Kánádà pé o kó o dání, wọ́n lè ní kó o mú ìwé ẹ̀rí wá pé kò lárùn, iyẹ̀pẹ̀ ilé wa ní tiẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ibí rárá. Mi ò bá wọn jà, kòkòrò ń bẹ nínú iyẹ̀pẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ata!

Tó bá wá tó àkókò àtigbé e síta, inú mi máa ń dùn díẹ̀, torí ata tí ò rí oòrùn gidi rí kò lè dúró níwájú ẹ̀, ewé ẹ̀ á funfun, á jó. Wákàtí kan lónìí, méjì lọ́la, lábẹ́ ìbòji, fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ibẹ̀ ni mo ti ń rántí imọ̀ ọ̀pẹ, aṣọ ìbora àtijọ́ ni mo ń lò dípò ẹ̀.

Ewúro ló kù tí mi ò tíì rí ṣe. Ọgbà ló jẹ́ nílé, ẹ̀ka tó o bá kì bọlẹ̀ lójò ti di igi lójò kejì, níbí òtútù àkọ́kọ́ ló ń pa á, àfi kéèyàn gé e wọlé ṣáájú oṣù kẹsàn-án kó fi sínú omi. Ẹni tó bá wà ní Edmonton tó ní ẹ̀ka tó ti ta gbòǹgbò, kó jọ̀ọ́ bá mi sọ̀rọ̀, mo ní ọmọ ata rodo tá a lè fi ṣe pàṣípààrọ̀.