Ẹ kọ orin náà lẹ́nu kí ẹ tó fọn ún: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́dọ̀ àwọn afọnfèrè Látfíà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fèrè, Riga, olú ìlú Látfíà ní ilẹ̀ Yúróòpù, ni mo ti kọ́ṣẹ́ horn, fèrè idẹ kan tó ká kọ́rọ́-kọ́rọ́, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ tètè mọ̀.

Ẹgbẹ́ akọrin ló lókìkí jù nílẹ̀ Látfíà. Láti 1873 ni wọ́n ti ń ṣe Àjọ̀dún Orin. Ogun kọjá, ìjọba àjèjì kọjá, wọn ò jẹ́ kó parun. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ṣe é báyìí. Síbẹ̀, àwọn afọnfèrè ní àṣehàn tiwọn nínú àjọ̀dún náà, àwọn náà ló sì ń fọn bí èrò ṣe ń tò kọjá nígboro.

Ẹ wo àwọn Jurjāns, ìdílé olórin Látfíà kan tí mo fẹ́ràn gan-an. Oko Meņģeļi ní Ērgļi ni ilé wọn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́rin ni wọ́n, Andrejs, Juris, Pāvuls àti Pēteris, gbogbo wọn ló ń fọn horn, wọ́n sì jọ ń ṣeré pọ̀. Andrejs (1856–1922) kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Rimsky-Korsakov, gbajúmọ̀ olùkọ orin ará Rọ́ṣíà, ní St. Petersburg, ó sì ṣe olùkọ́ orin ní ìlú Kharkiv ní Ukraine fún ọ̀pọ̀ ọdún. Pẹ̀lú gbogbo ìwé tó kà, ó tún ń gba orin ìbílẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ará abúlé, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Fèrè irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì mọ ọ̀rọ̀ orin.

Níbi ìdánrawò wa, adarí á ní ká gbé fèrè sílẹ̀, ká kọ orin náà lẹ́nu. Gbogbo wa la ó kọ ọ́, títí kan ẹni tó ń fọn tuba, fèrè idẹ ńlá tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ jù. Ibi tí akọrin bá ti mí, a ó fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀ lórí ìwé, ibẹ̀ làwa náà ó ti mí. Bí o bá mí láàárín ọ̀rọ̀, gbogbo ẹni tó mọ orin náà ló máa gbọ́ ọ. Ó yẹ kí èyí tètè yé àwa tí dùndún ń bá sọ̀rọ̀.

Ní pápá Mežaparks ní Riga, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àṣehàn ńlá àjọ̀dún náà, ẹ má gbára lé etí. Akọrin tó lé ní 10,000 ló ń dúró lórí ìtàgé yẹn. Nǹkan bíi mítà 340 ni ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ohùn ẹni tó wà ní mítà 100 sí ọ á pẹ́ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí o bá ń dúró dè é, o ti pẹ́, ẹni tó ń tẹ̀lé ọ á tún pẹ́ jù ọ́ lọ. Ọwọ́ adarí ni kí ẹ máa wò. Alẹ́ ibẹ̀ sì máa ń tutù, idẹ tó bá tutù, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀. Ẹ máa mí èémí gbígbóná sínú fèrè kó tó kàn yín.

Orķestris Rīga, ẹgbẹ́ afọnfèrè ìlú Riga tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972, iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n fi í ṣe. Ní àwọn ìlú kéékèèké, olùkọ́, oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọmọ ilé ìwé ló ń kóra jọ lẹ́yìn iṣẹ́. Síbẹ̀, iwájú àwọn adájọ́ ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń fọn kó tó lọ sí àjọ̀dún, kò sí ẹni tó lè fara pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíì. Bí wọ́n bá fún yín ní ohùn kẹta, tó ń gbe orin lẹ́sẹ̀, ẹ mọ ohùn kìíní, tó ń gbé orin gan-an, lórí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tó yẹ kí ẹ rọ̀, kí àwọn èèyàn lè gbọ́ orin.