Igbá tí mo ń sọ di sẹ́ẹ̀lì: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá

Sátidé, ọ̀sẹ̀ kìíní

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọ JSS 2 ní sáà yìí. Ó mú ìwé rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Àǹtí, wọ́n ní ká ya sẹ́ẹ̀lì. Mo ti yà á, ṣùgbọ́n kò yé mi." Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kékeré tí a fi kọ́ ara gbogbo ohun alààyè. Mo wo àwòrán náà: òbìrìkítí ńlá kan, òbìrìkítí kékeré nínú rẹ̀, nǹkan bí ẹ̀wà mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo àyè tó kù ṣófo. Bí wọ́n ṣe yà á fún èmi náà nílé ìwé nìyẹn. Téèpù ni iṣẹ́ mi. Ẹni tó bá gé aṣọ láìwọn oníbàárà, aṣọ náà kò ní bá ẹnikẹ́ni mu, sẹ́ẹ̀lì tí a kò wọ̀n sì ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ yìí. Mo ní màá ṣe ọ̀kan tó ní ìwọ̀n.

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ènìyàn ni mo mú. Bí ẹ bá to 50 irú rẹ̀ sí ẹgbẹ́ ara wọn, kò lè ju mìlímítà kan ṣoṣo lọ lórí téèpù. Mo sọ ọ́ di ńlá ní ìlọ́po 20,000, ó sì di 40 sẹ̀ǹtímítà. Mo bá gba Bódìjà lọ. Igbá mẹ́jọ ni mo fi téèpù wọ̀n. Ìyá onígbá bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe; nígbà tí mo sọ pé ìwé ọmọ ni, ó wọ ẹ̀yìn ìsọ̀ lọ, ó mú ọ̀kan tó rí roboto jáde. Bí ẹni fi téèpù gbé e ni. Bàbá káfíńtà tó wà níwájú ọ̀nà fi ayùn là á sí méjì fún mi.

Àìkú

Nucleus rèé, òbìrìkítí kékeré inú àwòrán ọmọ náà. Ní ìwọ̀n tí mo mú, ó yẹ kó fẹ̀ tó 12 sẹ̀ǹtímítà. Èèpo àgbọn ńlá ló bọ́ sí i. Nucleus ní ihò lára, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju nǹkan bíi mìlímítà méjì lọ nínú ìwọ̀n tèmi. Mo fi òòlù kan ìṣó mọ́ àgbọn àkọ́kọ́, ó là. Fún ìkejì, mo ki ìṣó bọ iná títí ó fi pọ́n, mo sì ń fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. 140 ihò ni mo lu kí àtàǹpàkò mi tó ní ó tó.

Ihò yẹn ṣe pàtàkì, ìdí nìyí tí n kò fi lè fò ó. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, pátáànì gan-an kì í jáde nínú àpótí. Ẹ̀dà rẹ̀ ni mo ń yà sórí bébà fún àwọn ọmọṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń ṣe. DNA ni pátáànì, inú nucleus ló ń gbé. Tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ ṣe púrótéènì kan, ẹ̀dà apá tó kàn án ni yóò gba ihò jáde, orí ribosome, hóró tíntìntín tó wà níta nucleus, ni wọ́n á sì ti tò ó pọ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé báyìí fún ọmọ náà, ó ní, "Tí ẹ̀dà bá bàjẹ́ ńkọ́?" Mo ní a ó ya òmíràn. "Tí pátáànì bá bàjẹ́?" Mo dákẹ́ díẹ̀. Mo wá sọ fún un nípa àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde: lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú pátáànì, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa sì ń tẹ̀ bí dòjé. Ó mọ ẹni kan nínú kíláàsì rẹ̀ tó ń ṣe é. Ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ọjọ́bọ̀

Òwú. Èyí ló gba oorun lójú mi.

DNA inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan, bí a bá nà án tán, ó gùn tó mítà méjì. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 20,000, ó di 40 kìlómítà. Bí mo bá so ó mọ́ ilẹ̀kùn mi tí mo sì ń fà á lọ sí Ọ̀yọ́, yóò ti kọjá ìdajì ọ̀nà dáadáa. Òwú ìránṣọ ńlá tí a ń rà ní Gbági, èyí tó jẹ́ 5,000 yáàdì, mẹ́sàn-án ni yóò gbà. Mo ní kí n gbìyànjú ẹ̀, mo wá ṣírò bí òwú ṣe nípọn tó, mo rí i pé kò lè wọ inú àgbọn náà láéláé. DNA tinrín ju òwú mi lọ ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún, ìdí nìyẹn tí tirẹ̀ fi wọ̀ tí àyè sì tún ṣẹ́ kù.

Mo bá mú ìdá kan nínú 100. Ọ̀nà 46 ni DNA ènìyàn pín sí, nítorí náà mo gé òwú 46, mítà mẹ́jọ ààbọ̀ ní ìpíndọ́gba, àwọ̀ oríṣiríṣi láti inú àjákù òwú tó wà nílẹ̀. Mo ká ọ̀kọ̀ọ̀kan jọ, mo sì kó wọn sínú àgbọn.

Ìtàn kan ń bá mi lọ bí mo ti ń ká a. Ní 1665, Robert Hooke gé kọ́ọ̀kì pẹlẹbẹ, ó fi máíkírósíkóòpù wò ó, ó rí àwọn yàrá kéékèèké, ó sì pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn yàrá kékeré. Kọ́ọ̀kì tó wò ti kú, inú yàrá náà ti gbẹ, ògiri lásán ló kù. Ẹni tó rí èyí tó wà láàyè tó ń rìn kiri nínú omi ni Antonie van Leeuwenhoek ti ìlú Delft, oníṣòwò aṣọ! Àwọn oníṣòwò aṣọ ayé ìgbà náà máa ń fi dígí wo bí òwú aṣọ ṣe hun. Òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha dígí tirẹ̀ débi pé ó ju ti gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Inú mi dùn sí ọkùnrin yẹn gan-an.

Ọ̀sẹ̀ kejì

Mitochondria. Níbí ni sẹ́ẹ̀lì ti ń fi afẹ́fẹ́ tí a mí sínú sọ oúnjẹ di agbára. Ní ìwọ̀n mi, orógbó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, gígùn àti sísanra. Mo fi amọ̀ mọ ogójì, mo sá wọn sóòrùn, gbogbo wọn sán. Àwọn tí mo tún mọ, ibòòji ni mo sá wọn sí, wọn kò sán, ṣùgbọ́n wọ́n wúwo jù. Mo rẹ ìwé ìròyìn àtijọ́ sómi di ọjọ́ kejì, mo gún un lódó, mo pò ó mọ́ sítáàṣì. Èyí gbẹ dáadáa, ó sì fúyẹ́.

Mo la ọ̀kan sí méjì láti fi inú rẹ̀ hàn. Awọ rẹ̀ méjì ni, ti inú sì ká wọra lọ́pọ̀lọpọ̀. Pílíìtì ni! Aṣọ púpọ̀ nínú àyè kékeré, nítorí orí awọ yẹn ni iṣẹ́ ti ń lọ. Bó bá ṣe fẹ̀ tó ni agbára tó ń ti ibẹ̀ jáde ṣe pọ̀ tó. Mo fi àjákù àǹkárá pupa ṣe é, mo ká pílíìtì rẹ̀ ní mìlímítà mẹ́ta mẹ́ta. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyí.

Iye wọn ńkọ́? Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ kan ní mitochondria tó 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo àyè rẹ̀. Ìlàjì igbá ni mo ń kún, nítorí náà 500 ló yẹ. Títí di òní, mo ti mọ 212. Kò sí àyè òfìfo mọ́ bí ti inú ìwé yẹn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta

Ribosome: iyanrìn tí mo kù dáadáa, hóró kọ̀ọ̀kan bí ìdajì mìlímítà. Mo wọ́n ọn sórí gúlúù. Ó ti tó.

Awọ sẹ́ẹ̀lì ni ìṣòro. Igbá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Awọ gidi, ní ìwọ̀n mi, nípọn díẹ̀ ju bébà ìkọ̀wé lọ. Mo ronú kan ọ̀rá náílọ́ọ̀nù, mo fi í tẹ́ inú igbá náà yíká. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un pé ọ̀rá ni ohun tí awọ sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ jẹ́, ipele méjì ọ̀rá ara, tó ń yan ohun tó máa wọlé àti ohun tó máa jáde. "Ọ̀rá lórí ọ̀rá, Àǹtí." Ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá: *ibi tí sẹ́ẹ̀lì parí sí ni ọ̀rá, igbá kò sí lára rẹ̀.*

Ó wá ní ká ṣe sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà tẹ̀ lé e, ní ìwọ̀n kan náà, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ògiri tí ti ẹranko kò ní. Mo ní kó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Sẹ́ẹ̀lì inú awọ àlùbọ́sà gùn tó 0.3 mìlímítà. Ó ṣírò rẹ̀ lórí bébà, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ó wò mí. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó fa ìlà kọjá tábìlì gígé, kọjá ẹnu ọ̀nà, kọjá pákó orí gọ́tà, ó sì dúró síta níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá káfíńtà. Mítà mẹ́fà.