Ewé pupa Kyoto, ewé pupa New Hampshire

Ọdún márùn-ún ni mo lò ní Kyoto ní Jàpáànì kí n tó kó wá sí New Hampshire níbí, ọdún kẹta rèé tí mo ti dé Amẹ́ríkà, tí ìgbà ìwọ́wé, ìgbà tí ewé igi máa ń pọ́n kó tó já, bá sì ti ń sún mọ́lé, ọkàn mi máa ń pín sí méjì ni. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé níbo ni ewé ẹ̀ ti rẹwà jù. Lójú tèmi o, méjèèjì ló rẹwà, ọ̀nà téèyàn ń gbà dé ìdí igi yẹn gan-an ló yàtọ̀, ohun tí mo sì fẹ́ sọ nìyẹn.

Ní Jàpáànì, ewé wíwò lórúkọ tiẹ̀, momijigari ni wọ́n ń pè é, ìdí ọdẹ ṣíṣe ni "gari" yẹn ti wá, àfi bí ẹni gbé apó kọ́rùn tó ń wá ẹran kiri, àmọ́ ewé pupa ni wọ́n ń dọdẹ ẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ni tẹlifíṣọ̀n á ti máa ròyìn ẹ̀ mọ́ ti ojú ọjọ́, pé ó ti pọ́n lórí òkè Daisetsuzan ní Hokkaido lápá àríwá lọ́hùn-ún, á wá máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí gúúsù, á máa ti orí òkè bọ̀ sí ìsàlẹ̀, títí á fi dé Kyoto wa nígbà tí oṣù kọkànlá bá ń parí lọ.

Màmá kan wà tí ilé wa kangun síra, wọ́n ti lé lẹ́ni 80 ọdún, àwọn ló kọ́kọ́ mú mi lọ sórí òkè Rokko ní Kobe. Tíréènì la wọ̀, a bọ́ sínú bọ́ọ̀sì, a tún wọ kébù, ọkọ̀ tí okùn onírin ń fà gòkè lójú irin, láti ọdún 1932 ló ti ń gbé èèyàn. Ọgbà ewéko kan wà lókè yẹn tí wọ́n ṣí ní 1933, ó ga tó mítà 865 ju òkun lọ. Ẹ wò ó, igi ojú títì wa ṣì tutù yọ̀yọ̀ nígbà tá a kúrò nílé o, àfi bá a ṣe dókè tí gbogbo ẹ̀ ti pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún! Màmá ní òtútù ló fà á, béèyàn bá ṣe ń gòkè ni òtútù ń pọ̀ sí i, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń lọ rí ewé lórí òkè, kí wọ́n tó tún padà wá rí i nílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìgbà méjì lọ́dún kan.

Wọ́n ṣa ewé igi kan tí wọ́n ń pè ní mépù nílẹ̀, wọ́n ń ka ìka ẹ̀ fún mi: i, ro, ha, ni, ho, he, to. Bí tiwa ṣe ń lọ ní a, b, d ni álífábẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tiwọn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé ìka ewé yẹn sábà máa ń jẹ́ méje ni wọ́n ṣe ń pe igi ẹ̀ ní iroha momiji. Ó tún ní orúkọ míì, kaede, ọwọ́ ọ̀pọ̀lọ́ lorúkọ yẹn ti wá, bẹ́ ẹ bá sì wo ewé náà dáadáa ẹ máa rí ọwọ́ ọ̀pọ̀lọ́ níbẹ̀ lóòótọ́.

Kí n má parọ́, èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ jù. Ní tẹ́ńpìlì Tofukuji, afárá kan wà tó gba orí àfonífojì tí mépù kún, tí ewé bá ti pọ́n tán wọn kì í jẹ́ kéèyàn ya fọ́tò lórí ẹ̀ torí kí èrò lè máa rìn. Inú kọ́kọ́ bí mi, mo ki fóònù bọ àpò, mo wá ń fojú ara mi wò ó. Mi ò ní fọ́tò ọjọ́ yẹn kankan, síbẹ̀ òun ni mo rántí jù.

Ó wá di Amẹ́ríkà. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé mi ò ní mọ́tò, mo sì rò pé wàhálà kọ́ nìyẹn, ṣebí màá wá bọ́ọ̀sì wọ̀. Bọ́ọ̀sì wo! Ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń sọ ni Kancamagus, ó tó máìlì 34, láti Lincoln dé Conway, inú igbó White Mountain ló gbà kọjá, kò sí ilé epo kankan lójú ọ̀nà yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tíréènì ìgbafẹ́ wà ní North Conway òótọ́, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ dé North Conway ná. Inú ilé ni mo jókòó sí lọ́dún yẹn, tí mò ń wo fọ́tò àwọn ará ibiṣẹ́.

Ọdún kejì ni ẹnì kan níbiṣẹ́ gbé mi lọ. Mo lanu, mi ò lè pa á dé. Ní Kyoto ẹ lè dúró ti igi kan fún wákàtí kan, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ ti gé ẹ̀ka ẹ̀, ti gbá abẹ́ ẹ̀, àmọ́ níbí gbogbo òkè ló ń jó lẹ́ẹ̀kan náà láìsí iná, pupa, yẹ́lò, àwọ̀ osùn, igi páìnì wá tutù minimini láàárín wọn, kò sẹ́ni tó gbìn ín. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé àwọn agégẹdú ti gé ọ̀pọ̀ igi orí òkè wọ̀nyẹn lulẹ̀ nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ, iná sì jó púpọ̀ nínú èyí tó kù. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1911 ló jẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ lè máa ra ilẹ̀ ẹ̀, ní 1918 ó di igbó ìjọba àpapọ̀. Igi yẹn fúnra ẹ̀ ló padà hù. Ìyẹn wọ̀ mí lára ju àwọ̀ ẹ̀ lọ.

Ohun tó ń dùn mí ni pé inú mọ́tò lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wò ó. Wọ́n á dúró, wọ́n á ya fọ́tò, ó tán, wọ́n ti lọ. Ẹni tí kò bá sì lè wakọ̀ mọ́ ńkọ́? Màmá Kyoto lé lẹ́ni 80, wọ́n ń dá gun Rokko lọ. Màmá òyìnbó tó ń gbé nísàlẹ̀ fúláàtì mi kéré sí wọn lọ́jọ́ orí, ojú wọn ni kò jẹ́ kí wọ́n wakọ̀ mọ́, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti débẹ̀ gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ wọn ò ju wákàtí méjì síbẹ̀ lọ.

Ìdí nìyẹn tó jẹ́ pé nígbà tí mo ra mọ́tò tèmi, àwọn ni mo kọ́kọ́ gbé. A ò sáré. A dúró létí odò kan, a jókòó sórí òkúta, wọ́n wá ń ṣàlàyé fún mi pé yẹ́lò yẹn ti wà nínú ewé látilẹ̀, àwọ̀ ewé tútù ló bò ó mọ́lẹ̀, àmọ́ pupa ní tiẹ̀, ìgbà ìwọ́wé ni igi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe é, tí oòrùn bá mú dáadáa lọ́sàn-án tí òtútù sì mú lóru láìdi yìnyín, á pọ́n gan-an.

Mo ṣa ewé mépù kan níbẹ̀, ó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Lálẹ́ mo pe Màmá Kyoto lórí fídíò, mo gbé e síwájú kámẹ́rà. Wọ́n sún mọ́ fóònù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: i, ro, ha, ni, ho. Ó tán síbẹ̀. Wọ́n ní ṣé he àti to ti já dànù lójú ọ̀nà ni, mo ní rárá mà, bó ṣe ń hù níbí nìyẹn, márùn-ún ni. Wọ́n ní kí n yí i padà, àwọn fẹ́ rí ẹ̀yìn ẹ̀.